Ọ̀nà Tóóró Inú Afẹ́fẹ́: Bí Wi-Fi Ṣe Lè Yára Sí I

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mu lónìí. Kò ṣòro láti fojú inú wo gbọ̀ngàn kan tí ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ kóra jọ sí ní alẹ́, tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí olùkọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aago méjìlá òru tó lù. Láti aago mẹ́wàá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aago mọ́kànlá ààbọ̀ fi lù, ìdajì wọn ṣì ń wo àmì róbótó kan tí ó ń yí po lójú fóònù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dé lásìkò yóò pàdánù máàkì, kò sì sí olùkọ́ tí yóò gba àwáwí pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó fà á. Ní ọjọ́ kejì, àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọn yóò san owó lé owó, wọn yóò sì ra dátà tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, àmì róbótó náà tún ń yí. Owó ti lọ, àìsàn kò lọ.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọn kò wòye pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń tọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà kìn-ín-ní gùn púpọ̀. Láti ibi tí wọ́n tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sí, èyí tí ó lè jẹ́ òkè òkun, ó ń gba inú wáyà tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì tún gba orí òpó gíga tàbí inú wáyà mìíràn títí ó fi wọ inú ẹ̀rọ Wi-Fi, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ráútà. Ọ̀nà kejì kò gùn rárá. Láti ara ẹ̀rọ Wi-Fi, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ọ̀rọ̀ gbà bọ́ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Nítorí pé ọ̀nà kìn-ín-ní jìnnà, òun ni gbogbo ènìyàn ń di ẹ̀bi rù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀nà kúkúrú inú yàrá ni ó dí.

Òtítọ́ ni pé ọ̀nà gígùn náà a máa bàjẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun lẹ́bàá Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì wá ń wọ́ bí ìgbín ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ẹ̀rọ tí ó wà lórí tábìlì tí yóò mú un yára. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ọ̀nà tí a sì lè gbà mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kò nira. Kí wọ́n fi wáyà so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ Wi-Fi náà tààrà, kí wọ́n sì wọn ìyára rẹ̀. Ibi tí a ti lè wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ wáyà kúrò, kí wọ́n fi Wi-Fi wọ̀n ọ́n ní ìtòsí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n ní ìjókòó tí ó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn. Mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí wáyà bá fúnni ní 40, tí ìjókòó ẹ̀yìn sì fúnni ní 3, inú afẹ́fẹ́ ni àrùn wà. Bí wáyà fúnra rẹ̀ kò bá ju 3 lọ, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n lọ bá ilé-iṣẹ́.

Ìtàn bí ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí tí ó fi ń dí. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ALOHAnet. Erékùṣù ni Hawaii. Òkun ya àwọn ẹ̀ka yunifásítì náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rédíò ni wọ́n sì fi so wọ́n pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà nítòsí Honolulu. Òfin tí wọ́n ṣe kò le: ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kí ó sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá forí gbárí nínú afẹ́fẹ́, méjèèjì bàjẹ́, olúkúlùkù yóò sì dúró díẹ̀ kí ó tó tún ti rẹ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé bí ó ti wù kí ó dára tó, nǹkan bí ìdá 18 péré nínú 100 àkókò náà ni ọ̀rọ̀ lè fi kọjá láìfarapa. Ìyókù di òfò.

Wi-Fi, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1997, gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ni ó ń tẹ́tí kí ó tó sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí ti í ṣe láàárín ìgbìmọ̀. Bí ó bá gbọ́ tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, yóò dákẹ́. Bí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, yóò tún sinmi fún ìgbà díẹ̀ kí ó má baà jẹ́ pé àwọn méjì ni yóò la ẹnu pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì dé ibi tí ó ń lọ, ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti gbọ́. Ìwà dáradára ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ìwà dáradára náà ń jẹ àkókò. Ìdí nìyí tí iye tí wọ́n kọ sí ara páálí ẹ̀rọ kì í fi í bá iye tí ó dé ọwọ́ ènìyàn mu. Ẹ̀rọ 1997 kò ju mẹ́gábíìtì 2 lọ. Ní 1999, ó di 11. Irú èyí tí ó jáde ní 2003 jẹ́ 54. Ìlànà ti 2009 sì lè dé 600. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ẹ̀rọ 54 kò rí ju bí 20 sí 25 lọ, àní bí òun nìkan tilẹ̀ ni ó wà nínú yàrá. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ kò purọ́. Wọ́n kàn ń ka ìyára tí ẹnu fi ń sọ̀rọ̀ ni, wọn kò ka àkókò tí ó fi dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù lọ nìyí, ibẹ̀ ni àwọn tí ń ra dátà kún dátà kì í sì í wò. Àkókò ni àwọn tí ń lo ẹ̀rọ Wi-Fi kan ń pín láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó jìnnà, tí ìgbì rédíò tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára, ẹ̀rọ kò lè bá a sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó gbọ́dọ̀ máa fà á díẹ̀díẹ̀ kí ó lè gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń fa ọ̀rọ̀ fún adití. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹnu omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò tò sí. Òfin ibẹ̀ ni pé olúkúlùkù yóò pọn ẹyọ kan nígbà tí ó bá kàn án. Bí korobá ẹlẹ́nu gbàrà ni gbogbo wọn gbé wá, ìlà ń yára lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé kẹ́ẹ̀gì ọlọ́rùn tóóró dé, tí ó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa da omi sí i, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dúró, àti ẹlẹ́nu gbàrà àti ẹlẹ́nu tóóró.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi bí ó ti burú tó hàn. Kí á sọ pé ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 12,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, tí ó ń lo mẹ́gábíìtì 54, yóò fi 0.22 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan gba tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní fàráńdà, tí ó ń lo 6, yóò fi odindi 2 gba tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 2.22 ni yíyípo kan yóò gbà, èyí sì túmọ̀ sí pé olúkúlùkù wọn yóò máa rí mẹ́gábíìtì 5.4. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó wà ní ìtòsí, 27 ni olúkúlùkù ì bá rí, láì tíì yọ àkókò ìdákẹ́ kúrò. Ẹni tí ó wà ní fàráńdà kò jèrè, ẹni tí ó wà ní ìtòsí sì pàdánù ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ó tọ́ sí i. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, fi ìwádìí hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń rí: aláìyára kan ń fa gbogbo ẹgbẹ́ sẹ́yìn dé ìpele tirẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ti wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi máa pín àkókò dípò ìdì ọ̀rọ̀. Ní 2017, àwọn kan gbé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jáde fún Linux. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní in báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí kò wọ́n ni kò ní in.

Nítorí náà, ìjókòó ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ nìkan. Olùkọ́ tí ó bá lé ọmọ fàráńdà kúrò lórí Wi-Fi lè rò pé òun ti rí ojútùú, ṣùgbọ́n ìwà àìtọ́ ni, nítorí ọmọ náà kọ́ ni ó gbé ẹ̀rọ sí ibi tí ó wà. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n gbé sún mọ́ ọn.

Níbo ni wọ́n sábà ń gbé ẹ̀rọ náà sí? Ìbẹ̀rù olè a máa mú kí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, tàbí kí wọ́n fi àgò irin bò ó. Irin ni ọ̀tá ìgbì rédíò jù lọ. Ohun tí ó bá wà nínú àpótí irin kò lè sọ̀rọ̀ jáde. Páànù bẹ́ẹ̀, dígí ńlá bẹ́ẹ̀, nítorí ohun bí irin tí wọ́n fi kùn ún lẹ́yìn. Ògiri kọnkéré tí wọ́n tẹ́ irin sí inú rẹ̀ ń jẹ agbára ìgbì ju pákó lọ. Omi náà ń gbé e mì, nítorí náà táǹkì omi tí ó wà láàárín ẹ̀rọ àti ènìyàn jẹ́ ìdínà. Ara ènìyàn pàápàá, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, yóò fi kùnà ní ọjọ́ Ajé nígbà tí ọgọ́ta ènìyàn bá jókòó sí i. Bí wọ́n bá gbé e kọ́ ara ògiri lókè orí àwọn ènìyàn, ìgbì yóò rí ojú ọ̀nà gbà lórí wọn. Jíjìnnà náà ní ìṣirò tirẹ̀: níbi tí kò sí ìdínà, bí ènìyàn bá jìnnà sí ẹ̀rọ ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin agbára ti tẹ́lẹ̀ ni ó kù fún un.

Ìṣòro kan wà níbí tí àwọn tí ń lo ẹ̀rọ onísíìmù mọ̀ dáadáa, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó gẹ́gẹ́ bí fóònù. Irú ẹ̀rọ yìí ní ojú méjì. Ojú kan ń wo òpó tí ó wà ní ìta, ó sì fẹ́ wà lẹ́bàá fèrèsé. Ojú kejì ń wo àwọn ènìyàn inú yàrá, ó sì fẹ́ wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá gbé e sí fèrèsé, ìdajì Wi-Fi rẹ̀ ń lọ fún àwọn ewúrẹ́ tí ń jẹko ní ìta; bí wọ́n bá gbé e sí àárín, kò gbọ́ òpó dáadáa mọ́. Àwọn kan a máa gbé e kiri láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni láti yà wọ́n nípá: kí ẹ̀rọ onísíìmù dúró sí fèrèsé, kí wọ́n sì fa wáyà láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ Wi-Fi mìíràn tí wọ́n gbé kọ́ àárín gbọ̀ngàn. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gùn tó mítà 100 láìsí ìdínkù kankan.

Ó yẹ kí á mẹ́nu ba àgádágodo pẹ̀lú. Oríṣiríṣi ni àgádágodo tí ń dáàbò bo Wi-Fi, àwọn àtijọ́ bíi WEP àti TKIP kò sì lè bá ẹ̀rọ tí ó jáde láti 2009 ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ó ti yẹ: ẹ̀rọ tí ó lè sáré yóò padà sí 54 nítorí wọn. Kí wọ́n yan WPA2 tàbí WPA3 nínú ètò rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ náà, kò ná kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkànnì ni ó kù, ìyẹn sì kan àwọn aládùúgbò. Àwọn tí wọ́n dàgbà pẹ̀lú rédíò mọ̀ pé bí iléeṣẹ́ méjì bá sún mọ́ ara wọn jù lórí àtẹ, ohùn wọn a máa wọnú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Wi-Fi rí. Lórí bándì 2.4 GHz, ìkànnì 13 ni ó wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n wọ́n fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́ta péré fi lè wà láìfarakanra: 1, 6 àti 11. Ẹni tí ó bá rò pé òun gbọ́n, tí ó lọ yan ìkànnì 3 nítorí pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀, ti ṣe ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn ní ibi. Bí ẹ̀rọ méjì bá wà lórí ìkànnì 6 pọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń dúró de ara wọn. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó wà lórí 1 àti ẹni tí ó wà lórí 6, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lórí 3 kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí kò ṣe ariwo lásán. Ààrò máíkíróweefù pàápàá ń pariwo lórí bándì yìí, nítorí pé ní nǹkan bí 2.45 GHz ni òun náà ń ṣiṣẹ́.

Ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ibi tí èyí ti ń di rògbòdìyàn. Nígbà tí Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ bá falẹ̀, ẹni tí ó ní owó díẹ̀ yóò ra dátà tirẹ̀, yóò sì tan Wi-Fi inú fóònù rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogún fóònù bá ti di ogún ẹ̀rọ Wi-Fi nínú ilé kan ṣoṣo, ìkànnì mẹ́ta náà kún fọ́fọ́. Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ tún falẹ̀ sí i, àwọn mìíràn sì tún ra dátà. Ìwọ̀nba owó tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ra ìwé ni ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Wáyà ni oògùn ìyẹn: ẹni tí ó bá fẹ́ lo dátà fóònù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè fi wáyà tí ó fi ń gba iná sí i so méjèèjì pọ̀, kò sì ní da afẹ́fẹ́ rú fún ẹnikẹ́ni.

Bándì 5 GHz ni ibi ìsinmi. Ìkànnì ibẹ̀ pọ̀ ju mẹ́ta lọ dáadáa, ariwo ibẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Gígùn ìgbì ti 2.4 GHz tó nǹkan bí sẹ̀ntímítà 12. Ti 5 GHz kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ, kì í sì í lè la ògiri kọjá bí ti àkọ́kọ́. Nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, àǹfààní ni àléébù yìí, nítorí pé ògiri tí kò jẹ́ kí ó jáde ni kò ní jẹ́ kí ti aládùúgbò wọlé. Nínú ètò ẹ̀rọ, ààyè wà láti fẹ ìkànnì kan lójú kí ó lè gba méjì tàbí mẹ́rin mọ́ra. Lórí 5 GHz, èyí lè dára. Lórí 2.4 GHz níbi tí èrò bá pọ̀ sí, ẹni tí ó fẹ ìkànnì tirẹ̀ lójú dà bí ẹni tí ó pa àtẹ rẹ̀ sí àárín ọ̀nà ọjà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sá lọ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń gba Wi-Fi, tí ó sì ń tún un sọ jáde síwájú. Ẹ̀rọ náà ń mú kí Wi-Fi dé ọ̀nà jíjìn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìkànnì kan náà ni ó fi ń gbọ́ tí ó sì fi ń sọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, ìyára yóò sì di ìdajì. Ẹ̀rọ Wi-Fi kejì tí wáyà so mọ́ ti àkọ́kọ́, tí ó sì wà lórí ìkànnì mìíràn, sàn jù ú lọ fíìfíì, iye owó wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá inú ilé-ìkàwé, tí kì í kúrò lójú kan, kò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú afẹ́fẹ́ rárá. Bí wáyà bá so wọ́n, àkókò tí wọ́n ń jẹ yóò ṣẹ́kù fún àwọn fóònù.

Nínú gbọ̀ngàn ọlọ́gọ́ta ènìyàn tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ méjì lórí 5 GHz, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, lókè orí, lórí ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú wáyà láti fèrèsé, yóò ṣe ju ìlọ́po dátà lọ. Kí wọ́n wá wọn ìyára náà nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó tán, ní ìjókòó iwájú, ní àárín àti ní ẹ̀yìn, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ sí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú iye tí wáyà fúnra rẹ̀ mú wá. Ọjọ́ tí iye ti ìjókòó ẹ̀yìn bá já wálẹ̀ tí ti wáyà kò yẹ̀, kí wọ́n wo inú yàrá: bóyá ẹnìkan ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù onírin síwájú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ti wáyà bá já wálẹ̀ ni kí wọ́n tó pe ilé-iṣẹ́.